Ìfaradárà ni mo ṣì dì mú: èsì lórí àwọn ọ̀rọ̀ fún ìtàn Uchimura

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin àbúrò, mo kí yín láti Ṣàgámù. Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó dáhùn. Iná tí wọ́n mú lọ ní Mọ́ńdè, àná ni wọ́n tó rántí dá a padà.

Fún àwọn tí kò bá wa bẹ̀rẹ̀: mò ń kọ ìtàn Kohei Uchimura, ọmọ ilẹ̀ Japan tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú eré tí òyìnbó ń pè ní gymnastics, fún ètò eré ìdárayá tí mo máa ń kà lórí rédíò ní Ọjọ́bọ̀. Mo kó àwọn ọ̀rọ̀ kan síwájú yín pé kí ẹ bá mi yẹ̀ wọ́n wò. Orí èyí àkọ́kọ́ gan-an la ti há. Mo ní kí á pe eré tí ọkùnrin yìí ń ṣe ní ìfaradárà, kí á sì pe ẹni tó ń ṣe é ní afaradárà. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó ní rárá, eré òkìtì ni, pé kí ló dé tí mo fi ń wá ohun tó wà lápò mi lọ sọ́jà. Àbúrò wa ní Ìlíṣàn ní kí á kúkú gbé jìmínásíìkì bẹ́ẹ̀, bí a ṣe gbé bọ́ọ̀lù, kí gbogbo wa lọ sinmi. Ẹnìkan tún sọ láti Ìjẹ̀bú-Òde pé ìfaradárà sún mọ́ ìfaradà jù, pé àwọn èèyàn á rò pé ọ̀rọ̀ sùúrù ni mò ń bọ̀ wá sọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n, mi ò bá òkìtì jà. Àwọn eégún onídán ti ń tàkìtì lójú agbo kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Òlíḿpíìkì níbí. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́fà ni àwọn ọkùnrin ń ṣe nínú eré yìí: wọ́n ń ṣe é lórí ilẹ̀, lórí ẹṣin onígi, lára òrùka méjì tó sorọ̀, lórí tábìlì tí wọ́n ń fò kọjá, láàárín ọ̀pá méjì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àti lára ọ̀pá irin kan ṣoṣo tó wà lókè. Ẹ wo ti òrùka. Ọkùnrin náà á na apá rẹ̀ méjèèjì sí ìhín àti ọ̀hún, ara rẹ̀ á wà lóòró láàárín, ilẹ̀ á jìn sí i, kò sì gbọdọ̀ mì fún ìṣẹ́jú àáyá méjì ó kéré tán. Iṣan ọrùn rẹ̀ á yọ bí okùn. Níbo ni òkìtì wà níbẹ̀? Lórí ẹṣin ńkọ́, níbi tó ti ń fi ọwọ́ nìkan gbé ara, tí ẹsẹ̀ ń yí po bí abẹ̀bẹ̀ òyìnbó? Tí a bá pe gbogbo rẹ̀ ní òkìtì, bí ẹni tó pe gbogbo oúnjẹ ní ẹ̀bà ni. Ẹ̀bà wà níbẹ̀ lóòótọ́, gàrí Ìjẹ̀bú ló sì dára jù, àmọ́ kì í ṣe òun nìkan ló wà lórí tábìlì.

Àbúrò mi, tìrẹ ló gbà mí lákòókò jù, torí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà fún ọ. Ohun tó yí mi lọ́kàn padà ni pé mo lọ wo ohun tí àwọn ará Japan fúnra wọn ń pè é. Taisō ni. Tai ni ara. Sō ni kí èèyàn máa darí nǹkan, kí ó máa lò ó bó ṣe fẹ́. Nílé rẹ̀, láàárín àwọn òbí rẹ̀ tí àwọn náà ṣe eré yìí, tí wọ́n sì ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní Nagasaki, taisō ni Uchimura bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ tí ìwọ ní kí á gbé yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ló ti wá, gbòǹgbò rẹ̀ sì ni ìhòòhò, torí ìhòòhò làwọn ọkùnrin wọn fi ń ṣeré láyé àtijọ́. Àwọn ará Japan ò gbé ìhòòhò ẹlòmíì wọ ara wọn. Ara ni wọ́n dì mú. Àwa náà fi ara, a ní kí ó dá àrà. Ẹsẹ̀ kan náà ni wọ́n àti àwa fi wọlé. Ohun tó dá wa yàtọ̀ ni pé tiwọn sọ pé èèyàn ń darí ara, tiwa sọ ohun tí àwọn tó ń wò rí.

Ti ìfaradà kò dà mí láàmú. Orí rédíò ni mo wà. Ohùn ni iṣẹ́ mi, ohùn ò sì jọra: ìfaradà ti parí kí ìfaradárà tó débi tó ń lọ. Orí ìwé tí kò ní àmì ni wàhálà wà, níbi tí ẹnìkan ti lè kà á sí ìfaradára, bíi pé ara ẹni náà ló dára. Mo gbà pé ìyẹn lè ṣẹlẹ̀. Uchimura kò ní bínú sí i.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, torí òun ló jẹ́ kí n padà wá bá yín.

Mo gba ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń lagi níbí kọjá. Ẹ mọ bí ìyẹ̀ pákó ṣe máa ń ga níbẹ̀ bí òkè kékeré. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin kan, tí ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ò lè ju ọdún méjìlá lọ, ń sáré gun òkìtì ìyẹ̀ pákó náà, wọ́n ń tàkìtì wálẹ̀ láti orí rẹ̀. (Ẹ̀gbọ́n, ẹ rí i pé orí òkìtì ni wọ́n ti ń tàkìtì. Bí mo bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lórí rédíò, ẹnìkan á pè wá béèrè èwo lèwo.) Okùn ti já nínú ṣòkòtò iléèwé èyí tó kéré jù, ọwọ́ òsì ló fi ń di ìbàdí rẹ̀ mú, síbẹ̀ ó ń tàkìtì. Mo pè wọ́n, mo ṣí fídíò Òlíḿpíìkì Rio 2016 lórí fóònù mi, ibi tí Uchimura ti wà lára ọ̀pá irin. Wọ́n kó orí lé fóònù náà débi pé èmi tí mo ni ín ò rí nǹkan kan mọ́. Ariwo wọn ni mo fi ń mọ ibi tó dé. Nígbà tó fi ọ̀pá sílẹ̀, tó yí lófuurufú, tó tún gbá a mú, wọ́n ní "Hàà!" Nígbà tó fò kúrò pátápátá, tó balẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sún síwájú tàbí sẹ́yìn, ọlọ́wọ́-níbàdí yẹn pariwo pé: "Ó kàn mọ́lẹ̀!"

Ọmọ tí wọ́n bí síbi tí wọ́n ti ń kan pákó. Ohun tí èmi ti kọ sílẹ̀ fún irú ìbalẹ̀ yẹn ni "ìbalẹ̀ láìyẹsẹ̀", tó dùn bí àkọlé ìwàásù. Mo ti pa á rẹ́. Ó kàn mọ́lẹ̀ bí ìṣó ni mo máa kà.

Mo wá bi ẹni àgbà wọn pé kí ni ọkùnrin yìí ń ṣe gan-an. Ó ní, "Àǹtí, ó ń dárà ni." Mo ní ẹ̀yin náà ńkọ́? Ó ní, "Àwa ń tàkìtì." Ẹ lè sọ pé èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Mi ò fi sí i. Mi ò tíì dárúkọ ohunkóhun kí ọmọ náà tó pín in sí méjì fúnra rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń yọ ara mi lẹ́nu lórí kàn mọ́lẹ̀ nìyí. Ní Rio, nínú ìdíje àpapọ̀, níbi tí ẹnìkan ti ń ṣe gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Oleg Verniaiev ti Ukraine ló wà níwájú lẹ́yìn márùn-ún. Ó fi 0.901 ju Uchimura lọ. Ọ̀pá irin nìkan ló kù. Uchimura gba 15.800. Verniaiev ṣe tirẹ̀ kẹ́yìn, ó gba 14.800. Nígbà tí wọ́n ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, Uchimura ní 92.365, Verniaiev ní 92.266. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni 0.099. Ẹ wá gbọ́ o: tí afaradárà bá balẹ̀ tó gbé ìgbésẹ̀ kékeré kan ṣoṣo, 0.1 ni àwọn adájọ́ máa ń yọ. Ẹsẹ̀ tí kò sún yẹn ni wúrà náà. Bí ó bá sún ẹsẹ̀ kan péré, ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Tí mo bá wá sọ fún àwọn ará Rẹ́mọ pé "ó balẹ̀ dáadáa", kí ni mo sọ fún wọn? Bàlúù náà ń balẹ̀ dáadáa.

Mo ti sọ "àpapọ̀", ẹnìkan sì ti ń rẹ́rìn-ín pé ṣé ìjọba àpapọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ìtumọ̀ kan náà ni. Bí ìjọba àpapọ̀ ṣe kó ìpínlẹ̀ jọ ni ìdíje àpapọ̀ ṣe kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ, àyàfi pé ti Uchimura ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ní kí á pè é ní gbogboǹṣe, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa níbí, inú ike ni gbogboǹṣe wà, wọ́n ń tà á ní gáréèjì fún jẹ̀dí àti ẹ̀yìn ríro.

Lórí ẹṣin, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà dun àwọn ará Ìjẹ̀bú-Òde jù, mo sì mọ ìdí. Ẹni tó bá ti wo àwọn ìdílé Balógun bí wọ́n ṣe ń gun ẹṣin wọ Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tí ẹṣin wọ ẹ̀wù ju ẹni tó gùn ún lọ, kò ní fẹ́ kí á pe àpótí gígùn kan tí wọ́n fi awọ bò ní ẹṣin. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn jagunjagun ayé àtijọ́ ló ń fi ẹṣin onígi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun ẹṣin kí wọ́n tó dé orí ẹlẹ́mìí. Àwọn ará Japan ń pè é ní anba, ẹṣin onígàárì. Èmi ìbá mú onígàárì yẹn, ọpẹ́lọpẹ́ Ojúde Ọba: onígàárì ni gbogbo ẹṣin tó wà níbẹ̀. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni nǹkan méjì tó yọ lẹ́yìn rẹ̀ tí ọwọ́ ń dì mú. Idà ní èèkù, ọ̀bẹ ní èèkù, ẹ jẹ́ kí ẹṣin yìí náà ní in: ẹṣin eléèkù. Mo rò pé kò sí ẹni tó máa gbọ́ eléèkù tó máa rò pé ó ń jẹ koríko.

Ẹṣin yìí kan náà ló gbé Uchimura ṣánlẹ̀ ní Òlíḿpíìkì Beijing ní 2008. Ọmọ ọdún 19 ni, ìdíje àpapọ̀ Òlíḿpíìkì rẹ̀ àkọ́kọ́, ó jábọ́, gbogbo èèyàn rò pé ó ti tán. Ó padà gba fàdákà, Yang Wei ti Ṣáínà ló gba wúrà. Láti ọdún tó tẹ̀ lé e, kò sí ẹnikẹ́ni tó borí rẹ̀ mọ́ nínú ìdíje àpapọ̀ títí 2016 fi parí. Ìdíje àgbáyé mẹ́fà tẹ̀ léra: London 2009, Rotterdam 2010, Tokyo 2011, Antwerp 2013, Nanning 2014, Glasgow 2015. Òlíḿpíìkì méjì: London 2012, Rio 2016. Nítorí náà mo yọ "iṣẹ́ ìgbésí-ayé rẹ̀" tí mo kọ tẹ́lẹ̀ fún àwọn ọdún yẹn kúrò, mo fi "láyé Uchimura" sí i. Bí àwọn àgbà wa ṣe ń ka àkókò nìyẹn, láyé ọba báyìí, láyé ọba báyìí. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kúkú ń pè é ní Ọba Kohei. Bàbá wa ní Òde Rẹ́mọ tó bínú pé ọba ń dé adé, mo júbà. A ti ń pe Sunny Adé ní Kíǹgì látọjọ́ yìí, ààfin kankan ò wó.

Jábọ́ ni mo kọ lókè yẹn, mi ò kọ ṣubú, mo sì fẹ́ kí á di èyí mú. Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ tó fìdí balẹ̀ ṣubú. Ẹni tó wà lára ọ̀pá tàbí lórí ẹṣin, tí ọwọ́ rẹ̀ tú, jábọ́. Máàkì kan gbáko ni wọ́n ń yọ fún èyíkéyìí nínú méjèèjì, àmọ́ etí Yorùbá fẹ́ mọ ibi tó ti kúrò. Ní Òlíḿpíìkì Tokyo ní 2021, ọ̀pá irin nìkan ló mú, ibẹ̀ ló sì ti jábọ́ kí wọ́n tó mú àwọn tó máa dé àṣekágbá. Tí mo bá ní ó ṣubú ní Tokyo, olùgbọ́ mi á rò pé ó fẹsẹ̀ kọ nígbà tó ń wọlé bọ̀.

Ti góòlù ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba àwọn akẹgbẹ́ mi lórí rédíò nímọ̀ràn. Bọ́ọ̀lù ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn lọ́dọ̀ wa, pàápàá láti ìgbà tí Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ ti gba líìgì ilẹ̀ yìí ní 2025. Tí mo bá ní "Uchimura gba góòlù mẹ́ta ní Òlíḿpíìkì", ẹni tó ń gbọ́ mi nínú mọ́tò lọ sí Ìpẹ̀rù á ní irú gólì wo nìyẹn. Wúrà mẹ́ta ló gba, pẹ̀lú fàdákà mẹ́rin. Wúrà kẹta, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ gbà á ní Rio.

Ìbéèrè kan wá lórí orúkọ àwọn àrà tó ń dá lára ọ̀pá, pé kí n túmọ̀ Kolman àti Cassina. N kò ní túmọ̀ wọn. Orúkọ èèyàn ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dá àrà tuntun níwájú àwọn adájọ́ níbi ìdíje ńlá, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n máa ń fi pè é: Kolman ará Slovenia, Cassina ará Ítálì. A kì í túmọ̀ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ. Àrà náà ni mo lè ṣàlàyé: ó fi ọ̀pá sílẹ̀, ó gba orí ọ̀pá kọjá, ó ń yí bí ọ̀kọ̀tọ́ bó ṣe ń tàkìtì, ó sì tún gbá ọ̀pá mú. Ẹ̀gbọ́n, òkìtì yín rèé níbi tó yẹ ẹ́.

Fún ẹni tó bá gba ipò kìíní nínú ìdíje, olúborí tó mi. Agbégbá-orókè dùn, àmọ́ ẹ gbìyànjú kí ẹ kà á nígbà mẹ́jọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Èyí tó kẹ́yìn kó tó kan èyí tí mo fẹ́ kí ẹ gbà mí lé lórí: ní January 2022 ni Uchimura kéde pé òun ti parí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 33. Ìdíje àgbáyé tó ṣe kẹ́yìn, ní ìlú Kitakyushu tí wọ́n ti bí i ló ti wáyé, ní October 2021, ó sì ṣe ipò kẹfà lára ọ̀pá irin. Olóòtú wa ti fi "ó fi bàtà kọ́" sí i. Ti àwọn agbábọ́ọ̀lù nìyẹn, inú èdè òyìnbó ni wọ́n ti fà á wá, afaradárà ò sì wọ irú bàtà bẹ́ẹ̀. Fẹ̀yìntì ni mo dá padà sí i. Ó ní ó jọ ti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń retí owó. Mo ní kò burú, ṣe bí ó ti ṣiṣẹ́.

Ó wá ku òrùka. Ìka ni òrùka ń wọ̀, kì í ṣe ohun tí àgbàlagbà ń rọ̀ mọ́. Mo fẹ́ pè é ní ẹ̀gbà àsorọ̀, torí ẹ̀gbà tóbi, ọwọ́ ló sì ń lọ. Ìyá mi gbọ́ ọ nígbà tí mò ń kà á sókè nínú ilé. Ó ní, "Ẹ̀gbà mú un? Ọmọdékùnrin yẹn? Olúwa ṣàánú." Ó ń rò pé apá kan ara rẹ̀ ló ti rọ. Látìgbà yẹn ọkàn mi ti ń padà sí òrùka àsorọ̀, bí àwọn ará Japan fúnra wọn ṣe pè é, tsuriwa, òrùka tó sorọ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kẹta, kí ó jọ̀ọ́ fi ránṣẹ́ kí ó tó di alẹ́ Túsìdeè. Àárọ̀ Wẹ́sìdeè la máa ń gba ohùn sílẹ̀, bí iná bá wà.